Irinṣẹ́ Ògiri Màmá

Nígbà tí Màmá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa ní Agége, mo rò pé ọ̀fun ló ń dùn wọ́n. Ní ìdájí, mo máa ń gbọ́ ohùn kan tó ń ṣe wúyẹ́wúyẹ́ ní pálọ̀, bí ìgbà tí eku bá ń já bébà. Mo yọjú wò, mo rí Màmá lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga gígùn tí wọ́n ń sùn sí. Wọ́n wọ sùtánà funfun wọn, wọ́n ń gbàdúrà sínú àtẹ́lẹwọ́ ara wọn. Ẹni tó bá mọ ìyá mi yóò mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé nìyẹn. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ní Èkìtì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, bí wọ́n bá sì pe ọmọ kan láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, gbogbo pápá ló máa dúró. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí wọ́n ń lọ, bí wọ́n bá dìde láti gbàdúrà, àwọn tó ń tòògbé lẹ́yìn á jí. Ìyá yìí kan náà ló wá ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ alájọgbé.

Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò gbé ohùn yín sókè?"

Wọ́n ní, "Ọkọ rẹ ń sùn. Àwọn ọmọ rẹ ń sùn. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ń sùn. Pálọ̀ onípálọ̀ ni mo wà, n kò sí nínú ulé mi."

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Nínú ilé wọn ní Èkìtì, tí wọ́n ń dá gbé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, Màmá ṣubú nínú balùwẹ̀ nígbà òjò tó kọjá. Ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n wà láti àárọ̀ títí aládùúgbò kan fi rí i pé ilẹ̀kùn wọn ò tíì ṣí. Ìdí tí mo fi lọ mú wọn wá nìyẹn. Wọn ò ráhùn nípa oúnjẹ wa, wọn ò ráhùn nípa ooru. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń sọ ni pé bí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì bá ti súnmọ́lé, àwọn á máa padà lọ, torí àgbàlagbà tí kò ní ilẹ̀kùn tó lè tì mọ́ ara rẹ̀, àlejò ni. Mo mọ̀ pé bí ìyá mi bá tún ṣubú nínú ilé ńlá yẹn, a lè má rí ẹni tó máa wá kan ilẹ̀kùn.

Mo wá pinnu pé n ó gé pálọ̀ wa sí méjì, kí Màmá ní yàrá tiwọn pẹ̀lú ilẹ̀kùn rẹ̀.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la wà. Onílé wa ní kò sí ẹni tó máa gbé búlọ́ọ̀kù gorí dẹ́kìn òun, ìyẹn ilẹ̀ kọnkéré òkè, pé àfi bọ́ọ̀dù fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń pín yàrá. Káfíńtà kan wá, ó fi ìka lu ògiri, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó mu mínírà kan, ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mi ò mọ èyí tó ní lọ́kàn nínú gbogbo ọjọ́ Ajé ayé, torí a ò tún fojú kàn án mọ́. Inú bí mi. Èmi kì í ṣe onísùúrù, àwọn oníbàárà mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Aṣọ ilé-ìwé ni mò ń rán nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ ilé wa, ẹni tó bá sì dá ọjọ́ fún mi tí ò wá, mo lè gbé aṣọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo rí fídíò kan lórí fóònù, obìnrin kan lókè òkun ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé irú ògiri bẹ́ẹ̀ ró. Ó fi téèpù wọn bọ́ọ̀dù, ó fi ọ̀bẹ gé e, ó so ó mọ́ irin, ó wá fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú ibi tí ó ti so pọ̀, ó fi pọ́tì funfun rẹ́ ẹ mọ́lẹ̀. Mo fò sókè lórí àga. Mo ní ṣé gbogbo ohun tí àwọn káfíńtà ń tìtorí ẹ̀ ṣe fáàrí nìyí? Kí ló wá yàtọ̀ sí aṣọ? Wọ̀n ọ́n, gé e, so ó, bo ojú rírán.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ wá wo ìyàwó mi o, ó fẹ́ rán ògiri." Ṣùgbọ́n ó ní òun á bá mi gbé bọ́ọ̀dù náà dúró, ó sì mú ìlérí ẹ̀ ṣẹ.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo múra láti lọ ra irinṣẹ́. Màmá ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú gèlè àti ọ̀pá wọn. Mo ní kí wọ́n sinmi nílé. Wọ́n wò mí bí ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ pé ajá jẹ ìwé òun. "Ògiri ta ni? A kì í ra bàtà fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílé." Mo gbé báàgì wọn, a jáde.

Orégùn la kọ́kọ́ lọ, torí ibẹ̀ ni ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ti ń ta bọ́ọ̀dù wà. Láti ìgbà tí mo ti dé Èkó ni mo ti ń gba iwájú àwọn géètì gìrìwò yẹn kọjá, mi ò wọ inú ọ̀kan rí. Àfi ìgbà tí a wọlé. Bọ́ọ̀dù funfun ni, òkìtì lórí òkìtì, dé abẹ́ páànù. Mọ́tò kékeré kan tó ní ìka irin méjì níwájú gbé òkìtì kan tó ga ju mí lọ, ó ń bá a yí kiri láìsí ariwo púpọ̀, kò sì dà á nù. Ẹnu mi ò lè pa dé. Mo ti ń rò pé èmi ni mo fẹ́ ṣe nǹkan ńlá, àṣé àwọn kan wà tó ń kó ògiri odidi àdúgbò pamọ́ sábẹ́ òrùlé kan.

Màmá ò tíì wọlé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi imú fa afẹ́fẹ́.

"Ṣọ́ọ̀kì," wọ́n ní. "Ṣọ́ọ̀kì lèyí."

Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ ní òtítọ́ ni, pé ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀kì àti ohun tó wà nínú bọ́ọ̀dù bá ara wọn tan. Màmá bá wọlé, wọ́n gbé ọwọ́ lé bọ́ọ̀dù kan, wọ́n sì gbé e síbẹ̀ pẹ́. Wọ́n ní, "Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń lo nǹkan yìí kọ̀wé. N ò mọ̀ pé èèyàn lè máa gbé inú rẹ̀."

Ọkùnrin náà gbé bọ́ọ̀dù kan dúró fún wa. Ó fa ọ̀bẹ lé e lórí lẹ́ẹ̀kan, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni fi ìka fa ilà sórí iyẹ̀pẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi orúnkún kàn án lẹ́yìn. Pò! Ó ṣẹ́ sí méjì, ojú ibi tó ti ṣẹ́ sì gún régé. Orí mi wú. Ọdún tí mo ti ń gé aṣọ kì í ṣe kékeré, mo sì mọ bí ó ti ṣòro tó láti gé ohun tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kí ọwọ́ má yẹ̀. Mo ní kó tún ọ̀kan ṣe. Ó tún un ṣe. Mo fẹ́ ní kó ṣe ẹ̀kẹta, Màmá fa aṣọ mi.

A yan bọ́ọ̀dù, a yan irin pẹlẹbẹ tí a máa so ó mọ́, àti pọ́tì, àti bébà ojú rírán. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan irinṣẹ́, ìjà bẹ̀rẹ̀. Inú ọ̀rá ni wọ́n dì wọ́n sí, wọ́n gbé wọn kọ́ sára ògiri, gbogbo rẹ̀ ń dán. Màmá ní kó yọ ọ̀kan wò. Ọkùnrin náà fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé pé a ò lè tú u àfi tí a bá ti rà á.

Màmá ní, "Ṣé irinṣẹ́ lẹ ń tà ni, àbí fọ́tò irinṣẹ́?"

Mo yára bẹ ọkùnrin náà kí wọ́n bá wa fi ọkọ̀ gbé bọ́ọ̀dù wa lọ sílé, a sì kọrí sí Abúlé Ẹ̀gbá.

Nítòsí oríta Abúlé Ẹ̀gbá, lẹ́yìn ibi tí àwọn èèyàn ti ń tò láti wọ bọ́ọ̀sì ńlá, obìnrin kan wà tó ń ta irinṣẹ́ tòkunbọ̀. Orí tápólì ló tẹ́ gbogbo rẹ̀ sí. Mo rò pé a fẹ́ lọ wo ìdọ̀tí ni. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mo wò ó dáadáa, mi ò fẹ́ dìde mọ́. Òòlù wà níbẹ̀ tí ọwọ́ èèyàn ti họ igi rẹ̀ títí ó fi ní kòtò fún àtàǹpàkò. Ayùn kan wà tí ẹnìkan ti fi iná jó àmì kékeré sí lára, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ má baà gbé e. Gbogbo wọn ló ti kọ́lé rí. Níbo? Ta ló ń sùn nínú àwọn ilé yẹn lónìí?

"Àńtí, ẹ fọwọ́ kàn án jàre, kì í bu èèyàn jẹ," obìnrin náà ní. "Mọ́mì, ẹ kú ìrìn o. Ẹ jókòó síbí. Oríjínà ni gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí fékì níbẹ̀, ẹ jù ú sí gọ́tà."

Mo mú téèpù irin kan. Mo fa téèpù ìránṣọ mi yọ nínú báàgì, mo tẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Orí téèpù irin náà ti gé díẹ̀, ó ń parọ́. Mo gbé e sílẹ̀, mo mú òmíràn, mo tún tẹ́ ẹ, títí mo fi rí èyí tí òun àti tèmi jọ sọ òtítọ́ kan náà. Obìnrin náà pariwo pé ẹ wò ó, ẹni tó fi aṣọ yẹ irin wò! Lẹ́yìn náà mo rí àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé irin. Ó wúwo, ẹnu rẹ̀ kúrú, ó dà bí ẹyẹ tó ń bínú. Obìnrin náà ju irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sí mi. Mo fi àlùmọ́gàjí náà sí i, mo pa ọwọ́ dé, irin náà sì ká kúrò níwájú mi bí èèpo ọsàn. Mo kígbe. Mi ò tijú láti sọ ọ́, mo kígbe bí ọmọdé. Irin! Èmi tí mo máa ń bínú sí síìpù tó bá le.

A mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì, igi gbọọrọ tó ní omi àti afẹ́fẹ́ róbótó nínú dígí, tó máa sọ fún ọ bí nǹkan bá dúró gún. A mú ayùn kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó, àti mọṣíìnì tó ń yí súkúrù wọlé. Ó wá ku sìkírépà tí a máa fi rẹ́ pọ́tì. Mo nawọ́ sí èyí tó tóbi jù tó sì dán jù.

"Fi ìyẹn sílẹ̀," Màmá ní.

Wọ́n ti dìde lórí àga. Wọ́n gbé ọ̀pá wọn fún mi mú. Wọ́n mú èyí tí mo yàn, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ojú rẹ̀, wọ́n ní ó le jù. Wọ́n mú òmíràn, wọ́n ní èyí ti gọ̀. Ìkẹta, wọ́n gbé ẹnu rẹ̀ sójú oòrùn, wọ́n fi ojú kan wò ó, wọ́n dá a padà. Wọ́n wá rí ọ̀kan lábẹ́ gbogbo wọn, tó ti dúdú, tí igi ọwọ́ rẹ̀ ti sán. Wọ́n tẹ ojú rẹ̀, ó tẹ̀, ó sì padà. Màmá gbé e sókè, wọ́n sì fi rẹ́ afẹ́fẹ́. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ọrùn ọwọ́ wọn yí díẹ̀, ó tún yí, ó bọ́ sílẹ̀ láìdúró. Ìyá mi tí ọwọ́ wọn máa ń gbọ̀n bí wọ́n bá gbé ife tíì! Kò gbọ̀n rárá. Obìnrin onírinṣẹ́ náà ti ń bá oníbàárà mìíràn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, òun náà yíjú, ó ń wò wọ́n.

Mo ní, "Màmá, níbo lẹ ti kọ́ èyí?"

"Níbo ni mo tún fẹ́ ti kọ́ ọ? Ulé wa ni. Bí Kérésì bá ń bọ̀, àwọn ọkùnrin á po erùpẹ̀, wọ́n á mọ ọ́n, wọ́n á bá tiwọn lọ sóko. Àwa ọmọbìnrin la máa ń rẹ́ ẹ tó fi máa jọ̀lọ̀. Ìyá mi á fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ ògiri náà, bí nǹkan bá gún un báyìí, n ó tún un ṣe."

"Ẹ ò sọ fún mi rí."

"O ò bi mí rí. Bíríkì lo bá nílé nígbà tí wọ́n bí ọ."

Mo wo ìyá mi. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa wọn ni ṣọ́ọ̀kì, pàṣán, àti ìwé orin. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ tó ń fà mí létí, ọwọ́ tó kọ́lé ni. Ẹ̀rù wọn bà mí lọ́nà tí kò bà mí rí, ẹ̀rù tó dùn mọ́ni.

Nígbà tí ọkọ̀ gbé bọ́ọ̀dù dé, èmi àti ọkọ mi kó àga jáde, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo gé irin, ó mú un mọ́ òkè àti ilẹ̀. Mo fa ọ̀bẹ lé bọ́ọ̀dù, mo fi orúnkún kàn án, ó ṣẹ́ gún régé fún èmi náà, mo sì yí ká pálọ̀ bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Ohun kan wà tí obìnrin inú fídíò sọ tí mi ò gbà. Ó ní kí ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù má kan ilẹ̀, kí àyè díẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn dà bí sòkòtò tó fò sókè, mi ò sì lè fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà láyé. Mo wọn tèmi kó jókòó tẹ́ẹ́ sórí táìsì. Ọkọ mi gbé e, mo yí súkúrù, lẹ́fẹ́ẹ̀lì sì ní a ò ṣìnà.

Màmá gba ti pọ́tì. Wọ́n jókòó sórí àpótí fún ìsàlẹ̀, wọ́n dúró fún àárín, ọkọ mi sì rẹ́ ti òkè pátápátá lábẹ́ àṣẹ wọn. "Má tì í. Má bá a jà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Nígbà tó gbẹ, tí a sì fi pépà oníyanrìn ha á, mo pa ojú dé, mo fi ọwọ́ wá ojú rírán. Ìka mi máa ń rí okùn kan ṣoṣo tó bá yọ lára aṣọ. Mo wá a lọ, mo wá a bọ̀, mi ò rí ibi tí bọ́ọ̀dù kan parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Mo ní kí ọkọ mi wá fọwọ́ kàn án. Ó fọwọ́ kàn án, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún Màmá gbọọrọ láàárín eruku. Màmá ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge.

A gbé ilẹ̀kùn sí i. Màmá sọ pé àwọn ò lè sùn níbẹ̀ kí àwọn tó yà á sí mímọ́, a sì ní kò burú.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ohùn kan jí mi. Kì í ṣe wúyẹ́wúyẹ́. Ohùn ìyá mi gan-an ni, tó kún, tó ń pe Ọba Mímọ́, pẹ̀lú àtẹ́wọ́. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín sí òkè àjà. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ omi.

Mo sáré jáde. Màmá wà láìwọ bàtà nínú yàrá tuntun pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti gbàdúrà sínú omi, wọ́n ti wọ́n ọn sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì ti da ìyókù sí ẹsẹ̀ ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí gbogbo ilé tuntun nílé wa. Ògiri erùpẹ̀ a máa mu omi, a sì máa le sí i. Ògiri búlọ́ọ̀kù kò mọ̀ pé omi kan òun. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì ni tiwa. Bọ́ọ̀dù tí mo mú jókòó tẹ́ẹ́ sórí táìsì ti ń fa omi náà sókè, bébà rẹ̀ ti ń wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rọ̀ bí búrẹ́dì inú tíì.

Mo pariwo. "Màmá, kí lẹ ṣe yìí? Ẹ ti bà á jẹ́! Gbogbo iṣẹ́ wa!"

Màmá wo ògiri náà, wọ́n wo bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé e jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí mo fi máa fi àkísà gbá omi tán, wọ́n ti jókòó sórí àga gígùn ní pálọ̀, wọ́n ń ká aṣọ wọn sínú báàgì. Ohùn wọn ti padà di ti alájọgbé. "Mo ti ba ulé yín jẹ́. Bá mi wá ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkìtì, kí ilẹ̀ tó ṣú."

Mo ní kí wọ́n máà bínú, pé bí mo bá ti jẹ́ kí àyè wà lábẹ́ bọ́ọ̀dù náà bí obìnrin inú fídíò ṣe sọ, kì bá tí mu omi tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn ń ká aṣọ lọ. Ọkọ mi bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní àwọn ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù, torí bí ìyá mi bá bínú, wọ́n á sọ ọ́.

Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo mú ayùn ẹlẹ́nu ṣóńṣó, mo dojúbolẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí gé gbogbo ẹsẹ̀ ògiri tó ti wú kúrò, bí ẹni ń gé etí aṣọ tó ti ya. Ọkọ mi gé igi tí a máa fi dí ibẹ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo po pọ́tì, mo mú sìkírépà dúdú yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́ ibi tí igi àti bọ́ọ̀dù ti pàdé. Mo tì í, ó ya. Mo fi kún un, ó wú. Mo tún fà á, ó fi ilà sílẹ̀ bí ìgbà tí adìẹ bá tú ilẹ̀. Mò ń gbọ́ ọ lẹ́yìn mi pé aṣọ kíká ti dúró.

"Má tì í," ohùn kan ní.

Mo tún tì í.

"Mo ní má tì í! Ṣé etí rẹ ò gbọ́ràn ni? Gbé e wá."

Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe tíṣà kò lè rí iṣẹ́ burúkú kó fi í sílẹ̀ lọ wọ ọkọ̀. Màmá gba sìkírépà lọ́wọ́ mi, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ha gbogbo ìranù tí mo ṣe kúrò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ wọn ò gbọ̀n. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mò ń wo bí pọ́tì náà ṣe ń tẹ̀lé wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, ọkọ mi bi wọ́n bóyá kóun lọ wá ọkọ̀. Mo fẹ́ fún un lọ́rùn pa. Màmá fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ ògiri náà, wọ́n ní, "Ọkọ̀ wo? Ẹni tó bá rẹ́ ògiri kì í lọ kó tó gbẹ."

Nígbà tó gbẹ, wọ́n tún yàrá náà yà sí mímọ́. Omi ife kan ni wọ́n lò. Wọ́n fi ìka kan bọ̀ ọ́, wọ́n fi kan orí ilẹ̀kùn, wọ́n wo ògiri náà tìfura-tìfura, wọ́n sì mu ìyókù. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sùn síbẹ̀. Báàgì wọn ṣì wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ní ìdájí, mo dìde láti gbá pálọ̀. Mo gbọ́ tí Màmá ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Ògiri bọ́ọ̀dù kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́, kò sí ohun tí wọ́n sọ tí mi ò gbọ́. Wọ́n yin Ọlọ́run, wọ́n gbàdúrà fún Nàìjíríà, wọ́n dárúkọ àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ohùn wọn yí padà. Kò lọ sílẹ̀, ó kàn yí padà.

"Baba, ohun tí mo ti ń sọ fún ọ lábẹ́ ahọ́n láti ọjọ́ yìí, mo lè sọ ọ́ jáde báyìí. Má jẹ̀ẹ́ kí n padà sí ulé yẹn. Mo ń fọ́nnu fún àwọn ọmọ ni. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Mo ké níbẹ̀ títí ohùn mi fi há, kò sí ẹni tó gbọ́."

Mo dúró sójú kan pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Mo gbé ọwọ́ kejì lé ògiri náà, mo sì rí i pé ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ohùn wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe Àmín, èmi náà ṣe Àmín sókè, kí wọ́n lè gbọ́.

"Ìwọ nìyẹn?" Màmá ní.

"Èmi ni, Màmá."

Mo gbọ́ tí wọ́n tú báàgì wọn, tí wọ́n ń kó aṣọ jáde sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní kí n lọ gbé omi ìwẹ̀ wọn kaná.